Olórin Mẹ́ta àti Orin Àjọmọ̀

Ní ìlú Ẹ̀sìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn ère òkúta kan wà tí òkìkí wọn ti kàn dé ọ̀nà jíjìn. Wọ́n lé ní 1,000. Ilé tí a kó wọn sí ní ọdún 1945 ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fojú kàn wọ́n lè rò pé ère kan ṣoṣo ni a gbẹ́ ní àgbẹ́túngbẹ́, nítorí pé ènìyàn tí ó jókòó lórí àpótí ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fara balẹ̀ wò wọ́n dáadáa, yóò rí i pé irun orí èyí kò rí bí irun orí tọ̀hún, pé ilà ojú wọn yàtọ̀ síra, àti pé bí ọ̀kan ti di ohun ìjà mú, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òmíràn ṣófo. Àwọn tí ó gbẹ́ wọn ní àwòṣe kan tí gbogbo wọn mọ̀. Wọn kò kọ àwòṣe náà sílẹ̀, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó di ọwọ́ wọn.

Ohun tí a rí nínú iṣẹ́ òkúta yìí wà nínú iṣẹ́ orin pẹ̀lú. Àwọn orin kan wà tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tipẹ́, tí olórin kan yóò tún mú, tí yóò sì ṣe é bí ẹni pé òní gan-an ni a dá a. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni a lè pè ní orin àjọmọ̀. Ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ dá a, ṣùgbọ́n gbogbo olórin ni ó ti sọ ọ́ di ohun èlò iṣẹ́ wọn. Àwọn olórin jáàsì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ràn orin àjọmọ̀ púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí ọ̀pọ̀ àwo orin wọn tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí orin tuntun nínú rẹ̀. Ó lè ya ọ̀dọ́ lẹ́nu pé ènìyàn a máa fi owó ra àwo tí ó ti mọ gbogbo orin inú rẹ̀ kí ó tó rà á. Kí ìdí rẹ̀ lè yé ni, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn orin náà ti wá àti bí a ṣe ń lò wọ́n.

Àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí í ṣe ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà, ni ó dá orin jáàsì sílẹ̀. Ìlú New Orleans ni ó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí ó ṣe, àwọn olórin jáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í mú lára àwọn orin tí a ń kọ ní ilé eré orí ìtàgé àti nínú sinimá. Orin tí a ń pè ní “Nagasaki”, tí Harry Warren ṣe ohùn rẹ̀, jáde ní ọdún 1928. “You Go to My Head” jáde ní ọdún 1938. “On Green Dolphin Street” ti inú sinimá kan wá ní ọdún 1947. Duke Ellington, olórin jáàsì fúnra rẹ̀, mú “Satin Doll” jáde ní ọdún 1953. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré àti sinimá wọ̀nyí ni a ti gbàgbé pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn orin inú wọn kò kú. Ohun tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú ni pé àwọn olórin kò jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lára wọn.

Orin tí yóò di àjọmọ̀ gbọ́dọ̀ ní egungun tí ó le, kí a lè máa pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wó lulẹ̀. “Satin Doll” dára fún àpẹẹrẹ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó ní. Ìwọ̀n mẹ́jọ ni ó wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlù mẹ́rin. Nítorí náà gbogbo orin náà jẹ́ ìwọ̀n 32, tàbí ìlù 128, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn ẹsẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹrin bára mu. Ẹsẹ̀ kẹta nìkan ni ó yà sọ́tọ̀, àwọn olórin a sì máa pè é ní afárá, nítorí pé òun ni ó gbé ènìyàn kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì tún dá a padà sílé. Ní abẹ́ ohùn tí ẹnu lè kọ, ìdìpọ̀ ohùn wà: ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ń dún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí ń tẹ̀ léra wọn ní ètò kan tí kì í yí padà. Ètò yìí ni egungun orin.

Báyìí ni àwọn olórin jáàsì ṣe ń lò ó. Ní àkọ́kọ́, wọn yóò ta orin náà bí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, kí olùgbọ́ lè dá a mọ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀kan nínú wọn yóò fi ohùn orin gan-an sílẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohùn tuntun láti inú ara rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní fi ètò ìdìpọ̀ ohùn sílẹ̀. Bí ìwọ̀n 32 bá pé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, yóò tún gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìkẹyìn, gbogbo wọn yóò padà sí orin bí a ti mọ̀ ọ́n, wọn yóò sì parí rẹ̀. Àwọn Ìgbómìnà ní ìtàn kan nípa orúkọ wọn: wọ́n ní ogbó tí ó wà lọ́wọ́ Ọ̀ràngún ni ó mọ ọ̀nà nígbà tí àwọn baba ńlá wọn ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, òun ni ó sì tọ́ wọn dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó. Ètò ìdìpọ̀ ohùn ni ogbó ọwọ́ olórin jáàsì. Ó lè yà sí igbó lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, ṣùgbọ́n nítorí pé ogbó náà mọ ọ̀nà, kò ní ṣìnà.

Gìtá kò tètè rí àyè nínú orin yìí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olórin jáàsì tóbi, tí kàkàkí àti fèrè pọ̀ nínú wọn, ohùn gìtá kò lè ta yọ. Olùta-gìtá a jókòó sí ẹ̀yìn, a máa fa okùn ní ìlù kọ̀ọ̀kan láti ran àwọn onílù lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ dáadáa àfi àwọn tí ó jókòó tì í. Iná mànàmáná ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Ní ọdún 1939, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Charlie Christian wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman pẹ̀lú gìtá tí a so mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Láti ọjọ́ náà ni gìtá ti ń sọ̀rọ̀ bí fèrè ti ń sọ̀rọ̀. Christian kú ní ọdún 1942, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 26, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là kò dí.

Ọ̀nà yìí ni a gbà dé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta: gìtá, béèsì àti ìlù. Béèsì ni gòjé àgbà tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí a ń nà ró, tí a sì ń fi ìka fa okùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ́ dùndún kò ní ṣòro fún láti mọ iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gìtá dà bí ìyáàlù, òun ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó sì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bí ó ti wù ú. Béèsì dà bí kẹríkẹrì tí ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń tẹ ilẹ̀ tí àwọn yòókù ń rìn lé. Onílù dà bí gúdúgúdú, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìwọ̀n yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta yìí, ìyáàlù kì í sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó bá yá, gìtá yóò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, béèsì yóò sì di ìyáàlù; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìlù ni yóò gba ọ̀rọ̀ sọ.

Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta nira ju iṣẹ́ ẹni púpọ̀ lọ. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ẹnì kan bá ṣi ohùn, ariwo àwọn yòókù yóò bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, kò sí ibi ìsápamọ́. Bí kò bá sí dùùrù láàrin wọn, gìtá nìkan ni yóò ta ohùn orin, òun náà ni yóò sì ta ìdìpọ̀ ohùn tí ó gbé e dúró. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olùta-gìtá tí ó mọṣẹ́ jùlọ ní ayé kò lè dá rìn bí béèsì bá fà sẹ́yìn, onílù tí ó sì fẹ́ kí a gbọ́ òun nìkan yóò ba iṣẹ́ àwọn méjèèjì jẹ́. Nítorí náà etí ni irú ẹgbẹ́ yìí fi ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1957, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan pàdé ní Los Angeles láti ṣe irú àwo yìí fún ilé iṣẹ́ Contemporary. Barney Kessel ta gìtá, Ray Brown fa béèsì, Shelly Manne sì lu ìlù. The Poll Winners ni wọ́n pe àwo náà, èyíinì ni pé àwọn tí ó borí ìbò, nítorí pé àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn orin ti dìbò yàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nídìí iṣẹ́ wọn. Kessel, tí a bí ní ọdún 1923 ní Oklahoma, ti kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ lára Charlie Christian. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú àwo náà. Kessel fúnra rẹ̀ ni ó dá ọ̀kan nínú wọn. Àwọn yòókù jẹ́ orin tí àwọn ẹlòmíràn ti dá. “Nagasaki” wà níbẹ̀, tí ó ti pé ọdún 29 nígbà náà. “You Go to My Head” wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni “Satin Doll” àti “On Green Dolphin Street” pẹ̀lú. Kì í ṣe orin tuntun ni ó mú kí àwọn ènìyàn ra àwo yìí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí yóò fi orin tí wọ́n ti mọ̀ ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni ó ni irú ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1928 kan náà tí “Nagasaki” jáde, àwọn olórin mẹ́ta láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, lọ sí ìlú London láti kọrin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Kumasi Trio ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Olórí wọn ni Kwame Asare, tí a tún ń pè ní Jacob Sam. Àwọn méjì yòókù ni H. E. Biney àti Kwah Kanta. Gìtá ni ó ṣíwájú orin wọn, èdè Fante ni wọ́n sì fi kọrin. Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ Kru ti ilẹ̀ Làìbéríà ni gìtá títa irú èyí ti tàn kálẹ̀ ní etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni wọ́n fi ń fa okùn: àtàǹpàkò ń ta ohùn ìsàlẹ̀, ìka kejì sì ń ta ohùn òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí gìtá kan ṣoṣo a fi dún bí méjì. Ilé ẹmu ni wọ́n ti sábà máa ń ta á.

Nínú àwọn orin tí Kumasi Trio kọ ní London, ọ̀kan wà tí ń jẹ́ “Yaa Amponsah”. Orúkọ obìnrin ni. Orin náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ojú àwo méjèèjì, apá kìíní ní ojú kan, apá kejì ní ojú kejì. Ètò ìdìpọ̀ ohùn rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti mọ̀, ṣùgbọ́n kì í sú ọwọ́. Nítorí náà àwọn olórin hàíláìfù gbà á gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti gba orin ilé eré. Ẹnì kan a mú un, a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a yí ohùn rẹ̀ padà. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ní etí yóò mọ̀ pé “Yaa Amponsah” ni ó wà ní abẹ́ rẹ̀. Kwaa Mensah, tí ó jẹ́ ọmọ ẹbí Kwame Asare, wà lára àwọn tí ó gbé gìtá ilé ẹmu yìí dé ìgbà tiwa. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ gìtá hàíláìfù, orin yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ó kọ́kọ́ fi kọ́ ọ.

Láàrin àwọn Yorùbá pẹ̀lú, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni orin jùjú fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Èkó. Ní nǹkan bí ọdún 1930, ẹgbẹ́ tí ó wọ́pọ̀ ni ti ọkùnrin kan tí ń kọrin, tí ó sì ń ta gìtá tàbí bánjọ̀, pẹ̀lú ẹnì kan tí ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹnì kan tí ń lu ìlù pẹlẹbẹ tí ó ní irin wẹ́wẹ́ létí. Ìlù yìí ni a ń pè ní jùjú. Túndé King ni òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ nínú wọn, ó sì kọrin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Parlophone ní ọdún 1936. Wọn kò dá gbogbo ohùn orin wọn láti inú òfìfo. Wọ́n mú lára orin ilé ẹmu, lára orin ìjọ Ọlọ́run, àti lára orin àtijọ́ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi òwe àti oríkì tuntun sí i. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní ọdún 1949, jùjú rí ohun tí jáàsì ti rí ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ohùn gìtá ta yọ, ìlù tí ó pọ̀ sì lè wọ inú ẹgbẹ́ láìbò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni dùndún ráyè gbòòrò nínú jùjú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ tàn jùlọ ní àsìkò náà ni Isaiah Kẹ́hìndé Dáìró. Ìlú Ọ̀fà ni a bí i sí ní ọdún 1930, ìlú tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́-Ìpo ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí Kessel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní Los Angeles. Ní ọdún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá nítorí orin rẹ̀. Ẹgbẹ́ Dáìró kì í ṣe ẹlẹ́ni mẹ́ta mọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn ẹlẹ́ni mẹ́ta wà nínú rẹ̀: ó mú ohùn tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi gìtá, dùndún àti dùùrù alámùúgbá-àyà sọ ọ́ di ohun tí wọn kò tíì gbọ́ rí. Ó kú ní ọdún 1996.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan jẹyọ níhìn-ín: ta ni ó ni orin tí gbogbo ayé mọ̀? Àwọn tí ó dá orin ilé eré ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ wọn sílẹ̀, òfin sì mọ̀ wọ́n. Nígbà tí Kessel ta “Satin Doll” sínú àwo, Ellington ni ẹ̀tọ́ sí owó níbẹ̀. Ti “Yaa Amponsah” kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1990, olórin ará Amẹ́ríkà kan, Paul Simon, mú ohùn gìtá rẹ̀ sínú orin kan nínú àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ The Rhythm of the Saints. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aláṣẹ ní Gánà, Simon sì san owó. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kò tán. Àwọn kan ní Kwame Asare ni ó ni orin náà, àwọn mìíràn ní orin àwọn baba ńlá ni, pé gbogbo ìlú ni ó ni í. Ní ọdún 2005, Gánà ṣe òfin tí ó fi irú orin ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ìtọ́jú olórí orílẹ̀-èdè nítorí gbogbo ènìyàn. Àwọn olórin ilẹ̀ náà kan ráhùn, nítorí pé òfin kan náà ní kí ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú gba àṣẹ kí ó tó lè fi orin ilé baba rẹ̀ pa owó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, èyí tí a sọ di tuntun ní ọdún 2022, sọ̀rọ̀ nípa ààbò iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Òfin dára, nítorí pé kò yẹ kí àlejò kó irè oko onílẹ̀ lọ láìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó ni òfin lè ṣọ́. Kò lè ṣọ́ etí. Ohun tí ó ń mú kí orin àjọmọ̀ wà láàyè ni pé olùgbọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Kessel fi ohùn “Nagasaki” sílẹ̀ tí ó yà sí ọ̀nà mìíràn, ẹni tí ó mọ orin náà ni ó lè mọ̀ pé ó yà. Òun ni ó lè yọ̀ pé ó yà dáadáa, òun ni ó sì lè ní ìtura nígbà tí ó bá padà. Létí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ohùn lásán ni. Òwe Yorùbá ti sọ èyí tipẹ́: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Òmù-Àrán, ọmọ Ẹ̀sìẹ́ àti gbogbo ọmọ Ìgbómìnà gidigidi. Nígbà tí egúngún Ẹlẹ́wẹ́, tí a fi ń mọ Ìgbómìnà, bá ń jó, ìyáàlù a máa bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ a mi orí, a rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó mọ oríkì tí ìlù náà ń kì, ó sì mọ ibi tí onílù ti fi ti ara rẹ̀ kún un. Ọmọ rẹ̀ tí ó dàgbà ní Èkó tàbí ní òkè òkun lè dúró sí ibi kan náà ní àkókò kan náà, kí ó má gbọ́ ju ariwo tí ó dùn lọ. Onílù kò yí padà, ìlù kò sì yí padà. Etí ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí irú etí bẹ́ẹ̀ bá tán ní ìlú, onílù pàápàá yóò dẹ́kun láti máa dá àrà, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ó dá a tàbí kò dá a. Níkẹyìn yóò máa lu ohun tí ó rọrùn. Ìgbà náà ni orin kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù ṣì ń dún.

Àwọn kan rò pé bí a bá ti fi ẹ̀rọ gba orin àwọn àgbà sílẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìparun. Ó dára kí a gbà á sílẹ̀, ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é sì ti wà nínú àpò púpọ̀ nínú ènìyàn báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títọ́jú nìkan ni ó sọ “Yaa Amponsah” di orin tí a kò lè gbàgbé. Bí àwo ọdún 1928 nìkan bá wà, tí kò sì sí ẹni tí ó tún un ta, ìwọ̀nba àwọn olùtọ́jú ohun àtijọ́ ni ìbá mọ̀ ọ́n. Títúnta ni ó sọ ọ́ di ọ̀pá ìdiwọ̀n, tí ọmọdé olùta-gìtá a fi mọ bí òun ti ga tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ìwúlò nínú pé kí ọ̀dọ́ máa bẹ̀rù láti fọwọ́ kan orin àwọn baba rẹ̀, bí ẹni pé ère inú ilé àkójọ ni. Ẹni tí ó bá ti mọ egungun orin dájú ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, tí ó sì ń sọ pé òun ń dá àrà, ó kàn ń ṣìnà ni.

Kò gba owó púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lọ bá ìyá àgbà kan nínú agbo ilé wọn, kí wọ́n kọ́ orin kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ títí yóò fi sọ pé bí ó ti rí gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kí ọ̀kan nínú wọn di ìwọ̀n mú pẹ̀lú agogo, kí ìkejì fi ìlù tẹ́ ilẹ̀ fún un, kí ìkẹta mú gìtá tàbí fèrè, tàbí ohùn ẹnu rẹ̀ lásán, kí ó sì gbìyànjú láti yà kúrò lójú ọ̀nà kí ó sì padà láìsọnù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Kí wọ́n lọ ṣe é lójú ìyá àgbà náà. Bí ó bá dá orin rẹ̀ mọ̀, tí ó sì rẹ́rìn-ín ní ibi tí wọ́n ti yí i padà, iṣẹ́ wọn yọrí.